Ẹ Mú Ẹni Tó Mọ̀ Yín ní Kékeré Wá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ tán a di odidi. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ni òṣùwọ̀n, èmi kì í ṣe ọmọlúàbí. Ààbọ̀ tí ẹ bá sọ fún mi, ààbọ̀ náà ni í jẹ́ nínú mi títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Bí ẹ bá yà sílé wa tí ẹ sì wí pé, "Oòrùn yìí mà mú o," n ó dá yín lóhùn pé ó mú lóòótọ́, n ó sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ó di ìgbà tí ẹ bá lọ tán, tí màmá mi bá sì ti bá mi wí dáadáa, kí n tó mọ̀ pé omi mímu ni ẹ ń tọrọ.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Olùkọ́ girama ni mí kí n tó padà wá sí yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, nítorí náà èmi ni mo dàgbà jù nínú kíláàsì wa, àwọn ọmọdé ibẹ̀ a sì máa pè mí ní Àǹtí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ní gbangba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi múra sílẹ̀ láti lọ jókòó níwájú dókítà kan, kí ó lè wò ó bóyá ọ́tísíìmù ni mo bá wá sáyé. Ìmúrasílẹ̀ náà ni mo fẹ́ ròyìn. Ohun tí dókítà rí nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ èmi àti òun nìyẹn.

Ọmọ kan ló là mí lójú sí i. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan mú ìwé kan wá fún mi láti ilé ìwòsàn kí n lè mọ bí mo ṣe máa bá ọmọ rẹ̀ lò. Wọ́n to àwọn àmì sínú ìwé náà: ọmọ yìí kì í tètè mọ ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀, ariwo a máa dà á láàmú ju bí ó ti ń da àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láàmú lọ, bí ọkàn rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, kò sí ẹni tó lè ká a kúrò níbẹ̀, bí ètò ọjọ́ kan bá sì yí padà lójijì, ọjọ́ náà bà jẹ́ nìyẹn. Mo ka ìwé náà nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo tún un kà, mo sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọ́tísíìmù kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àrùn tí ènìyàn ń kó lára ẹlòmíràn. Bí a ti ṣẹ̀dá ọpọlọ àwọn kan ni, láti kékeré ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí 'ara ẹni' ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Ní 1925, Grunya Sukhareva, dókítà obìnrin kan ní Rọ́ṣíà, ti kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Leo Kanner ní Amẹ́ríkà ni òkìkí tirẹ̀ kàn: ní 1943 ó ròyìn ọmọ mọ́kànlá, ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin mẹ́ta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hans Asperger ní Vienna ròyìn ọmọkùnrin mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu wọn ṣáká ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ bí a ti í bá ẹgbẹ́ ṣe. Ìwé yìí kò rìn jìnnà àfi ìgbà tí Lorna Wing, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1981. Láti 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń ṣe àyẹ̀wò ti kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ẹ wò ó, ọmọdé ni gbogbo àwọn tí Kanner àti Asperger kọ̀wé nípa wọn, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù. Obìnrin tó ti dàgbà, tó ń kọ́ni ní girama, tó mọ ìkúnlẹ̀ í kúnlẹ̀, ta ni yóò wá a débẹ̀?

Dókítà tí mo lọ bá kò dàgbà jù mí lọ. Kò gbé ẹ̀rọ kankan lé mi lórí, kò sì gba ẹ̀jẹ̀ mi. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi í hàn, kò sì sí àwòrán ọpọlọ tó lè fi í hàn. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ìṣe. Ó dá ọjọ́ fún mi, ó ní kí n mú nǹkan mẹ́ta wá. Ìwé ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo tún gbọ́dọ̀ kọ ohun tí mo bá rántí nípa ìgbà èwe mi sílẹ̀, kí n sì wá ìwé ìjábọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi bí ó bá ṣì wà. Ìkẹta ló wá sọ bí ẹni pé kò ju nǹkan kékeré lọ: "Ẹ mú ẹni tó mọ̀ yín ní kékeré wá." Ìdí rẹ̀ ni pé ọ́tísíìmù kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ènìyàn lágbà, kò sì sí ẹni tó lè jẹ́rìí ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì.

Ìwé ìbéèrè náà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Àádọ́ta ìbéèrè ni. Àwọn onímọ̀ kan ní Cambridge ló ṣe é jáde ní 2001, wọ́n sì fi máàkì 32 ṣe ààlà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì nìkan kò tó fi dájọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọ̀kan ń bèèrè bóyá ilé ìkàwé wù mí ju òde àríyá lọ. Ní Ìbàdàn wa yìí! Ta ní í bi ènìyàn léèrè bóyá òde àríyá wù ú? Bí wọ́n bá ti lè já aṣọ ẹbí lé ọ lọ́wọ́, o ti lọ nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì lọ, àlàyé ni yóò máa ṣe títí ọdún yóò fi yípo. Mo jókòó ti ìbéèrè yìí fún wákàtí kan, mo wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, "Ṣé ohun tó wù mí lẹ ń bèèrè ni, àbí ohun tí mo máa ń ṣe?" Ọ̀rẹ́ mi kan rí i, ó ní kí n fi àwọn ìbéèrè tó kù sílẹ̀, pé ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ti tó ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ ojú wíwò náà tún wà níbẹ̀. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, ẹni tí kì í wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, àmì pàtàkì ni wọ́n kà á sí. Nílé tiwa, ọmọ tó bá ń tẹjú mọ́ àgbà, ìgbátí ló ń wá. Èmi kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, gbogbo àdúgbò sì ń yìn mí fún un: ẹ wo ọmọ tó ní ìtìjú, ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé! Ohun tí ì bá tú àṣírí mi ní London, òun gan-an ló bò mí ní Mọ́lété. Ìkíni ló ń tú mi fó.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí màmá mi mú mi lọ sílé aládùúgbò wa kan. Mo rí àwọn àga tí wọ́n tò sójúde, mo rí ìbòrí tí wọ́n ta, mo rí èrò, mo bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo ní, "Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yìn rẹ̀ á dára o." Ọmọ obìnrin náà ló kú, ọmọ tí kò tí ì pé ogún ọdún. Ariwo ẹkún tó sọ níjọ́ náà, mo ń gbọ́ ọ títí di òní. Nígbà tí a délé, màmá mi nà mí. Bàbá mi kò nà mí. Wọ́n jáde lọ, wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé kan, èmi àti àwọn sì jókòó sídìí tábìlì, a bẹ̀rẹ̀ sí í to ìkíni sínú rẹ̀: ti ẹni tó jókòó, ti ẹni tó dúró, ti ẹni tó ń rìn lọ, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ti ẹni tí òjò pa, ti ẹni tó bímọ, ti ẹni tí òfò ṣẹ̀. Ní ojú ìwé kejì, a kọ irú ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ kí bẹ́ẹ̀. Ní oṣooṣù ni a ń fi kún un. Ó ju igba lọ nígbà tí mo fi wọ girama. Ní ọdún tó kọjá tí a dé orí ẹ̀kọ́ ìkíni nínú kíláàsì, tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú kó ogún wá, gbogbo wọn ń pòṣé pé ogún ti pọ̀ jù. Mo fi ìwé mi sínú àpò, n kò yọ ọ́ jáde.

Ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ fi sínú ẹrù tí mo ń dì fún dókítà.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má kàn kọ ọ́ pé n kò fẹ́ ariwo, nítorí ta ló fẹ́ ariwo? Kí n sọ ọjọ́, kí n sọ ibi, kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá mọ Mọ́lété mọ̀ pé àdúgbò ìwé ni: ibẹ̀ ni Ibadan Grammar School wà, èyí tí A. B. Akínyẹlé dá sílẹ̀ ní 1913. Ibẹ̀ ni St. Anne's wà, ibẹ̀ ni St. Luke's wà. Ṣùgbọ́n ilé tiwa kò jìnnà sí abẹ́ afárá, abẹ́ afárá kò sì ka ìwé. "Challenge! Challenge! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Fèrè Micra níwájú, ọ̀kadà lẹ́yìn, gbohùngbohùn olóògùn ní ọ̀tún, ti ajíhìnrere ní òsì. Àwọn ẹlòmíràn a máa gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba àárín afẹ́fẹ́. Ní tèmi, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ń dúró de ìkejì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde kí wọ́n tó gbóde. Pé mo máa ń ki òwú bọ etí lábẹ́ ìborùn. Pé àwọn tó bá pè mí tí n kò dáhùn ti sọ mí lórúkọ agbéraga. Mo kọ nípa ọjọ́ kan tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú Micra ní àárín ọ̀nà nítorí pé rédíò ọkọ̀ náà ń han etí, tí mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ibi ìdánwò. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé.

Mo kọ nípa àwọn ọba Ìbàdàn náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ka orúkọ wọn tẹ̀ léra fún gbogbo àlejò tó bá wọlé wa, yálà ó bi mí tàbí kò bi mí, n ó sì máa fi kún un pé ní 1936 ni oyè náà kúrò ní Baálẹ̀ tó di Olúbàdàn, àti pé Isaac Akínyẹlé tó jẹ oyè náà láti 1955 sí 1964 ni àbúrò A. B. Akínyẹlé tó dá Grammar School sílẹ̀, òun náà ló sì kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn. Àwọn àlejò a máa mi orí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni tó bá ń wo ẹnu ọ̀nà bí ó ti ń mi orí fẹ́ lọ ni.

Ìwé ìjábọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣòro rí. Inú àpótí bàbá mi ni gbogbo rẹ̀ wà, wọ́n fi okùn dì í lọ́dọọdún. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti kú. Ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo ayé wọn. Àwọn ni wọ́n ń ka ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kí wọ́n lè rí àṣìṣe inú rẹ̀ kí ó tó di ti gbogbo ayé. Olùkọ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ìjábọ̀ fún mi, kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n pàdé pọ̀ kọ ọ́ ni: ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń dá ṣeré. Ti kíláàsì kẹrin fi kún un pé mo ń bá olùkọ́ jiyàn. Òótọ́ ni. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ sójú pátákó ni.

Lábẹ́ ìwé ìjábọ̀ ni mo ti rí nǹkan mìíràn: ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, bíi àádọ́ta, bàbá mi sì ti fi báírò pupa tún gbogbo àṣìṣe inú wọn kọ. Mo rẹ́rìn-ín. N kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà.

Ẹlẹ́rìí ló wá kù. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe màmá mi? Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já nígbà tí mo lọ bá wọn. Wọ́n ní, "Dókítà kí ni?" Mo ní dókítà ọpọlọ. N kò mọ bí a ti í rọ ọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. "Ṣé Arò lo wá fẹ́ lọ báyìí?"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí Arò jẹ́ lẹ́nu àwa Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀, l'Ábẹ́òkúta. Láti 1954 ni Adéoyè Lámbò ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí gbogbo ayé wá ń wá wo bí ó ti ṣe é. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971. Síbẹ̀ èébú ni orúkọ ibẹ̀ ṣì ń jẹ́. Àwọn tó ṣòfin pàápàá kò sàn jù wá lọ: òfin 1958 tó fi orúkọ wèrè pe gbogbo aláìsàn ọpọlọ la ń lò títí tí ààrẹ fi buwọ́ lu tuntun ní oṣù kìn-ín-ní 2023.

Mo ṣàlàyé fún màmá mi pé kì í ṣe Arò, kì í ṣe wèrè. Wọn kò gbọ́. Wọ́n ní, "Àbúrò rẹ fẹ́ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn àna rẹ̀ ń wádìí wa lọ́tùn-ún lósì. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa bi wá ohun tó wà nínú ìdílé wa ni?"

Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè ni mo bèèrè, ìdáhùn ni mo ń retí. Ṣùgbọ́n wọ́n wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fún mi. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju "Oúnjẹ rẹ nìyẹn" lọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bẹ́yẹrúnkà. Mo gba Bódè, mo gba Ìdí-Arẹrẹ, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà'ba ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí àwọn alájàpá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù, Gbọ̀ngàn Mápó lókè ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ń gbé ní Bẹ́yẹrúnkà, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gbé láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú títí mo fi fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, nítorí pé màmá mi ń ná ọjà ìlú òkèèrè nígbà náà. Mo jókòó lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí ìwé mi, mo ní, "Mọ̀ǹmọ́, báwo ni mo ti rí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín?"

Kí n ti bèèrè tán ni wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń to èkùrọ́ láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ìdí ààrò, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ọ̀kan!" Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ omi n kì í nawọ́ sí i, n kì í sì í pè wọ́n, ọwọ́ wọn ni mo máa ń mú lọ sórí ìkòkò bí ẹni mú igbá. Wọ́n ní bí wọ́n bá pè mí lórúkọ n kò ní yíjú, ṣùgbọ́n mo lè ka ìpolówó ọjà orí rédíò láti òkè délẹ̀ láìsí àṣìṣe. Gángan kò gbọdọ̀ dún ládùúgbò. Léèsì kò gbọdọ̀ kan ara mi. Oúnjẹ funfun nìkan ni mo ń jẹ fún odidi ọdún kan, ẹ̀kọ àti iyán àti ìrẹsì láìsí ọbẹ̀.

Mo ń kọ, ọwọ́ ń ro mí.

Wọ́n ní ìyá àgbà ti sọ pé ẹlẹ́gbẹ́ ni mí, pé àwọn ẹgbẹ́ mi ọ̀run ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé mi lọ sódò lọ wẹ̀, wọ́n ṣe sàárà fún àwọn ọmọdé, àkàrà, ìrèké, ẹ̀pà. Mo bi wọ́n bóyá ó ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, "Àkàrà yẹn dùn." Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìyá àgbà nìkan. Nígbà tí Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí èrò àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Nàìjíríà nípa ohun tó ń fa ọ́tísíìmù, tí wọ́n gbé e jáde ní 2009, àwọn kan wà láàárín wọn tí wọ́n ṣì gbà pé ọwọ́ ayé tàbí ẹ̀mí àìrí ni.

Mo ti fẹ́ pa ìwé dé nígbà tí Mọ̀ǹmọ́ wí pé, "Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni? Bàbá rẹ ńkọ́?"

Bàbá mi rèé, nígbà tí wọ́n lọ tọrọ màmá mi ní Ìṣẹ́yìn. Àgbà ilé dìde, ó fi ọgbọ́n àgbà sọ pé ọ̀nà àwọn ará Ìbàdàn jìn sí àwọn o. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ó ń fẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀bẹ̀ sí i ni. Bàbá mi ní kò jìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye máìlì tó wà láàárín Ìbàdàn àti Ìṣẹ́yìn fún un, àti iye tí ọkọ̀ ń gbà, àti aago tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gbéra. Àgbà náà ní òun kò lè fi ọmọ fún ẹni tó wá fi òun ṣẹ̀sín nínú ilé òun. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi lé wọn dà nù. Màmá mi ló takú pé bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, kò sí ẹlòmíràn.

Mọ̀ǹmọ́ ní, "Ìyá rẹ ni ògbufọ̀ bàbá rẹ. Bí wọ́n bá jọ lọ sóde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń dúró sí. Bí bàbá rẹ bá ti sọ tirẹ̀ tán, òun á yára bọ́ síwájú: 'Ohun tó ń sọ ni pé...' Títí ó fi kú. Àwọn kan pè é ní dìndìnrìn, ìyá rẹ kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní."

Mo rìn padà sí Mọ́lété. N kò ki òwú bọ etí, n kò sì rántí pé ariwo wà. Ìbéèrè tí mo bi màmá mi nídìí ẹ̀fọ́ ni mò ń gbọ́: Kí ló wà níbẹ̀?

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé ìkíni wa, mo wo gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mu. Mo bá lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Màmá, n kò mọ̀ pé Bàbá lẹ ń gbèjà. N kò fi wọ́n bú yín." Wọn kò dáhùn. Wọ́n ń ṣẹ́ aṣọ pọ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ṣé wọn kò ní dá ọ dúró síbẹ̀?"

Mo ní rárá. Mo sọ ìtàn Donald Triplett fún wọn, ọmọ àkọ́kọ́ nínú ìwé Kanner, tí wọ́n bí ní 1933 ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Forest, ní Mississippi. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ilé ìtọ́jú kan, àwọn òbí rẹ̀ tún lọ gbé e wálé. Ó lọ sí yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó rìn yí ayé ká, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbà á bí ó ti rí. Ní 2023 ni ó kú, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

Màmá mi ní, "Ó níyàwó?"

Mo ní, "Rárá. Ó máa ń gbá góòfù."

"Hẹ̀n," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé aṣọ wọlé.

Ó ku ọ̀la tí n ó lọ. Mo ti fi ọkàn sí i pé Mọ̀ǹmọ́ ni n ó mú lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Mo to ẹrù sórí tábìlì, ìwé ìkíni nísàlẹ̀, ìwé ìjábọ̀ lórí rẹ̀, ìwé ìbéèrè lókè pátápátá, mo tún un tò, mo tún un tò. Màmá mi ń kọjá lọ. Wọ́n dúró díẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n ní?"

Mo ní, "Aago mẹ́sàn-án."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n lọ sùn. Èmi náà lọ sùn.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ tí mo jáde síta láti lọ pe Mọ̀ǹmọ́ lórí fóònù, màmá mi ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá àti ìró aláró wọn, wọ́n ti wé gèlè. Ẹrù mi wà lórí itan wọn, wọ́n sì ti fi bébà kan kún un tí n kò fi síbẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìpè sí ìgbéyàwó tí bàbá mi fi báírò pupa tún ṣe.

Wọ́n ní, "Ó yá."

A bọ́ sí títì. Micra kan dúró, a wọ ẹ̀yìn rẹ̀, rédíò rẹ̀ ń ké tantan. Kí n tó fi ọwọ́ kan òwú nínú àpò mi, màmá mi ti na ọwọ́ síwájú, wọ́n fọwọ́ tọ́ dẹ́rẹ́bà léjìká.

"Ọmọ mi, ẹ̀ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa rédíò yẹn."